Sípésà 20 mm tí wọ́n fi lọ̀ mí fún M3 E46: ṣé ó ṣeé gbé sọ́kọ̀?

Ọmọ_Bódìjà

Ẹ̀yin ọ̀gá mi gbogbo, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. BMW M3 E46 ni ọkọ̀ tí mo fẹ́ bèèrè nípa rẹ̀, ti ọdún 2003, tòkunbọ̀. Sípíríǹgì àti ṣọ́kì tó bá a wá láti ilé iṣẹ́ ló ṣì wà níbẹ̀. Rímù 18 tirẹ̀ gan-an ló wọ̀: 8J ET47 níwájú (J ni fífẹ̀ rímù ní íńṣì; bí ET bá ṣe kéré tó ni rímù ṣe ń yọ síta tó) pẹ̀lú táyà 225/45, 9J ET26 lẹ́yìn pẹ̀lú 255/40. Ti ẹ̀yìn kò burú, àmọ́ ti iwájú sá sínú fẹ́ńdà bí ẹni tó ń tijú, n kò sì fẹ́ ra rímù tuntun.

Ẹnìkan fi sípésà mẹ́rin lọ̀ mí, irin pẹrẹsẹ tí wọ́n ń fi sáàárín rímù àti họ́ọ̀bù (irin tí wọ́n ń de rímù mọ́) kí wíìlì lè yọ síta. 20 mm ni gbogbo wọn. Ihò bóòtù mẹ́wàá ló wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ní ó gba 5x112 (bóòtù márùn-ún lórí òbírí 112 mm), ó sì gba 5x120. Mo fi fẹ́nìà wọn ihò àárín rẹ̀, 74.1 mm ni mo bá. Pẹrẹsẹ ni lójú méjèèjì, kò sí ètè kankan tó yọ. Bóòtù tó fẹ́ fi kún un gùn ní 45 mm.

Ṣé 20 mm kò pọ̀ jù? Ṣé mo lè gbé e lọ bá oníléèdì kó ṣe òrùka sí ihò àárín rẹ̀? Àwọn kan tún ní sípésà máa ń jẹ bẹ́rìn, ṣé òótọ́ ni? Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń dè é, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi nǹkan kan pamọ́.

---

Bàbá_Rímù

Àbúrò, má rà á. Kò túmọ̀ sí pé sípésà burú o. Èyí tí wọ́n fi lọ̀ ọ́ yìí ni kì í ṣe ti ọkọ̀ rẹ.

Ihò 74.1 yẹn, ti BMW 5 Series E39 ni. Họ́ọ̀bù E46 jẹ́ 72.6. Ọkọ̀ méjèèjì jọ ń lo 5x120, bóòtù á wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń tà á fi máa ń sọ pé "BMW ni BMW ń jẹ́." Tó o bá gbé e ka họ́ọ̀bù rẹ, àyè 1.5 mm ló máa kù, á máa mì sókè sódò lọ́wọ́ rẹ.

Èyí tó burú jù ni ètè tí kò ní. Bó o bá tú táyà, wàá rí òrùka irin kan tó yọ síta láàárín họ́ọ̀bù. Òun ni ihò àárín rímù máa ń jókòó lé kí bóòtù tó wọlé. Sípésà 20 mm á gbé òrùka yẹn mì pátápátá. Bí sípésà fúnra rẹ̀ kò bá ní irú òrùka bẹ́ẹ̀ lójú òde, rímù kò rí nǹkan jókòó lé mọ́, orí bóòtù ló máa fi kọ́. Bóòtù tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ fún ló máa fà á sápá kan, àwọn tó kù á sì tì í síbẹ̀. Tó o bá dé 100 sí 120 km/h, sítíárìn á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Fọkanáísà á bálánsì rẹ̀ títí, kò ní lọ, torí pé ihò àárín ni ẹ̀rọ bálánsì fi ń di rímù mú. Lórí ẹ̀rọ, ó wà láàárín gan-an. Lẹ́sẹ̀ ọkọ̀, kò sí láàárín.

Òrùka oníléèdì kò lè wo àrùn yìí. Láti 74.1 wá sí 72.6, òrùka tó fẹ̀ tó 0.75 mm lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan lo ń wá, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni. Bó bá tiẹ̀ ṣe é dáadáa, sípésà nìkan ló máa jókòó sáàárín. Rímù kò tíì rí ètè kankan.

Bóòtù 45 yẹn nìkan ló súnmọ́ òótọ́ nínú gbogbo ohun tó fi lọ̀ ọ́, nítorí ti ilé iṣẹ́ jẹ́ 26 mm, 26 àti 20 sì jẹ́ 46.

Ní ti bí yóò ṣe nípọn tó: ìwọ̀n sípésà lo máa yọ kúrò lára ET. Pẹ̀lú 20 mm, iwájú rẹ di ET27, ẹ̀yìn rẹ di ET6. Iwájú ṣì ṣeé jiyàn lé lórí. Ẹ̀yìn ni rárá. Bí èèyàn méjì bá jókòó sẹ́yìn tí ọkọ̀ sì já sínú gálọ́ọ̀pù, èjìká táyà 255 á lọ pàdé ètè fẹ́ńdà, ètè yẹn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé e. Ohun tí màá gbé sí irú ọkọ̀ yìí ni 12 mm níwájú, 12 mm lẹ́yìn náà bí àyè bá wà. 15 níwájú ṣeé ṣe fún ẹni tó bá ti wọn àyè rẹ̀ dáadáa.

Wíwọ̀n rẹ̀ kò le. Gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí sítíárìn dúró gbọọrọ. So òwú mọ́ nọ́ọ̀tì kan kó lè wúwo, fi tépù lẹ orí òwú mọ́ ètè fẹ́ńdà lókè, lọ́gangan àárín wíìlì, kí òwú rọ̀ wálẹ̀. Wọn àyè tó wà láàárín òwú àti ibi tí táyà ti yọ síta jù. Bó bá jẹ́ 20, sípésà 12 á ṣẹ́ 8 kù fún ọ. Níwájú, tún yí sítíárìn dé òpin lápá ọ̀tún àti lápá òsì, kó o wo ẹ̀yìn táyà sí rọ́bà inú fẹ́ńdà. Ibẹ̀ ló sábà máa ń kọ́kọ́ fara kan.

Ohun kan táwọn èèyàn kì í mọ̀: sípésà tín-ín-rín kọ́ ló léwu jù, èyí tó wà ní agbedeméjì ni. Bí ó bá jẹ́ 3 tàbí 5 mm, òrùka họ́ọ̀bù ṣì máa ń yọ gba inú rẹ̀ kọjá, rímù á rí i jókòó lé. Bí ó bá jẹ́ 12 sókè, àyè wà fún wọn láti gbẹ́ ètè tuntun sí i. Láàárín 6 sí 10 ni wàhálà wà: òrùka họ́ọ̀bù tó yọ kò tó nǹkan mọ́, ètè tuntun kò sì ráyè, torí pé ìwọ̀n kan náà, 72.6, ni àwọn méjèèjì. Wọn òrùka họ́ọ̀bù tìrẹ láti ojú dísìkì dé orí rẹ̀ kó o tó sanwó. Tún wo ẹ̀yìn rímù: ẹnu ihò àárín rẹ̀ sábà máa ń dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní mílímítà bíi mélòó kan, ibi tó dà yẹn kì í di nǹkan mú.

---

Sístà_Injíníà

Bàbá ti sọ ti ètè dáadáa. Ẹ jẹ́ n mú ti bẹ́rìn àti bóòtù.

M3 yìí wúwo tó nǹkan bíi 1,570 kg, ẹ jẹ́ ká ní 390 kg lórí wíìlì kan. Tí ẹ bá ti wíìlì síta ní 12 mm, ẹrù àfikún tó fẹ́ tẹ bẹ́rìn wọ́ jẹ́ bíi 46 Nm (Nm ni ìwọ̀n agbára tó ń yí nǹkan tàbí tó ń tẹ̀ ẹ́). Ẹ wá wo ohun tí bẹ́rìn kan náà ń fara dà nígbà tí ẹ bá ń ya kọ́nà pẹ̀lú ìyára: táyà á máa tì í láti ìsàlẹ̀, ìjìnnà ilẹ̀ sí àárín wíìlì jẹ́ nǹkan bíi 330 mm, bí ọkọ̀ bá sì ń fa 0.8 g (ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá agbára òòfà ilẹ̀), ó lé ní 1,000 Nm. Nítorí náà 12 mm kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ nǹkan fún bẹ́rìn. Gálọ́ọ̀pù ló ń pa bẹ́rìn lọ́nà wa, àti rímù tí kò dúró sáàárín, nítorí ìgbọ̀n yẹn kì í sinmi. Ẹni tó gbé 25 tàbí 30 mm sí i tó tún fẹ táyà rẹ̀ sí i, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀.

Ohun tí ẹ máa fura sí gan-an ni sítíárìn. Ibi tí táyà ti ń tẹ ilẹ̀ ti jìnnà sí ibi tí wíìlì fi ń yí, nítorí náà ojú ọ̀nà tí táyà ńlá ti tẹ̀ di ihò gbọọrọ á máa fa sítíárìn mọ́ yín lọ́wọ́, bí ẹ bá sì tẹ bíréèkì níbi tí apá kan ń yọ̀, ọkọ̀ á fẹ́ yà sápá kan ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Sípíríǹgì náà á dà bíi pé ó rọ̀ díẹ̀, nítorí wíìlì ti rí ọ̀pá gígùn sí i fi tẹ̀ ẹ́. Ẹ má sì fi ti iwájú nìkan yàtọ̀ gan-an sí ti ẹ̀yìn. Fífẹ iwájú nìkan máa ń jẹ́ kí imú ọkọ̀ wọlé kíákíá ní kọ́nà, ìdí á sì fúyẹ́. Lórí ọkọ̀ tí ẹ̀yìn ń tì bí èyí, nínú òjò, kì í ṣe ohun tí ẹ máa gbádùn.

Bóòtù wàyí. Èrò ọ̀pọ̀ ni pé bóòtù ló ń gbé ọkọ̀. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bóòtù ń fún rímù mọ́ họ́ọ̀bù, ìfúnmọ́ra yẹn ni kì í jẹ́ kí rímù yọ̀. Bóòtù M12 kan tí a dè dé 120 Nm ń fa rímù mọ́ra pẹ̀lú agbára tó ju tọ́ọ̀nù 3 lọ, márùn-ún sì ni. Ohunkóhun tó bá wà láàárín ojú irin méjì tó lè fún pọ̀ tàbí fọ́ dànù, yálà ọ̀dà, ìpẹtà tàbí yanrìn, á lọ tó bá yá, ìfúnmọ́ra á dín kù, rímù á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn díẹ̀díẹ̀. Ìgbà yẹn ni bóòtù á máa tẹ̀ síwá sẹ́yìn nígbàkígbà tí wíìlì bá yí, ó sì máa ń já ní tírẹ́ẹ̀dì àkọ́kọ́, níbi tó ti wọnú họ́ọ̀bù. Nítorí náà, ẹ má kun sípésà. Ẹ má sì to méjì léra.

Ohun mẹ́rin ló gbọ́dọ̀ bá ara wọn mu lára bóòtù:

Tírẹ́ẹ̀dì: M12x1.5 ni ti E46. BMW tuntun ń lo M14x1.25, ẹ ṣọ́ra lọ́dọ̀ àwọn tó ń tà á, orí wọn jọra.

Ìjókòó: ti BMW jẹ́ onígun bíi kóònù, 60 dígírì. Ti VW, Audi, Mercedes àti Porsche sábà máa ń rí roboto bíi bọ́ọ̀lù. Bí ẹ bá fi bóòtù roboto sínú ihò onígun, orí ìlà tín-ín-rín kan ló máa jókòó lé. Ẹ máa dè é dé 120, á dún bíi pé ó ti dì, lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, á ti tú.

Agbára: kí wọ́n kọ 10.9 sí i lórí. Èyí tí kò ní nọ́ńbà, ẹ má fọwọ́ kàn án.

Gígùn: ẹ má ṣírò rẹ̀ lórí nìkan, ẹ wọ̀n ọ́n. Ẹ fi bóòtù ilé iṣẹ́ sínú rímù tó dùbúlẹ̀, kí ẹ wọn ohun tó yọ lẹ́yìn ibi tí rímù ti ń kan họ́ọ̀bù. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ wá gbé sípésà sí ẹ̀yìn rímù, ẹ fi bóòtù gígùn sí i, ẹ tún wọn ohun tó yọ lẹ́yìn sípésà. Iye kan náà ni kó jẹ́, bí ó bá fi 1 mm péré lé, kò burú. Rímù tí kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ máa ń nípọn jù tàbí kó tín-ín-rín jù níbi bóòtù, ìdí nìyẹn tí ìṣírò "26 àti 12" fi ń tan èèyàn jẹ.

Fún ìdánwò kejì, ẹ ka iye ìgbà tí bóòtù yí láti ìgbà tí tírẹ́ẹ̀dì ti mú títí tó fi jókòó. Ìwé àṣẹ TÜV, àwọn tó ń yẹ ọkọ̀ wò ní Jámánì, máa ń béèrè ó kéré tán ìgbà 6.5 fún M12x1.5, àti 7.5 fún M14x1.5. Èmi kì í gbà kí M12 kéré sí 8, nítorí ìgbà 8 jẹ́ 12 mm, ó bá fífẹ̀ bóòtù fúnra rẹ̀ dọ́gba.

Àwọn kan tún máa ń sọ pé bóòtù gígùn kò lágbára tó kúkúrú. Bó bá jẹ́ 10.9, tí tírẹ́ẹ̀dì inú họ́ọ̀bù sì tó, èyí tó gùn máa ń nà díẹ̀ sí i nígbà tí ẹ bá dè é, ó sì máa ń di ìfúnmọ́ra mú dáadáa ju kúkúrú lọ.

---

Léèdì_Mushin

Ẹ kú àlàyé, àǹtí. Mo kàn fẹ́ fi ti irin kún un, torí pé àwọn èèyàn máa ń gbé e wá pé ká gé sípésà fún àwọn.

Aluminiọ̀mù tí wọ́n yọ́ dà sínú mọ́ọ̀dù kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi ṣe sípésà. Ihò kéékèèké máa ń wà nínú rẹ̀ tí ojú kò rí, ibẹ̀ ló ti ń là, àgàgà láàárín ihò bóòtù àti ihò àárín. Ọ̀pá 6061-T6 tàbí 7075-T6, irú aluminiọ̀mù líle, ni èyí tó ṣeé gé, kó sì jẹ́ pé ẹni tó ta ọ̀pá náà lè fi àmì rẹ̀ hàn yín. Aluminiọ̀mù tí ẹnikẹ́ni kò mọ orírun rẹ̀, kó lọ ṣe ìkòkò. Èyí oníhò mẹ́wàá tún dín ẹran tó wà láàárín ihò kù. Ilé iṣẹ́ H&R àti Eibach ń ta èyí tó jẹ́ ti 5x120 àti 72.6 nìkan, irú ìyẹn ni kí ẹ wá.

Tí ẹ bá ti rà á, kódà tó bá jẹ́ ti ilé iṣẹ́ ńlá, ẹ fi máíkírómítà wọn nínípọn rẹ̀ ní ibi márùn-ún yí ká. Kò gbọ́dọ̀ yàtọ̀ ju 0.05 mm lọ. Bí apá kan bá fi 0.1 mm nípọn ju èkejì lọ, lójú sípésà ó dà bí ohun tí kò tó nǹkan, àmọ́ ní orí táyà ó ti di nǹkan bíi 0.5 mm tí wíìlì á fi máa jó.

---

Adé_Peckham

Fún àwọn tó wà ní UK tó ń ka èyí: ẹ sọ fún ilé iṣẹ́ ìbánigbófò yín kí ẹ tó gbé e sí i, nítorí àyípadà lára ọkọ̀ ni wọ́n kà á sí, bí ìjàǹbá bá sì ṣẹlẹ̀ tí ẹ kò sọ ọ́, wọ́n lè kọ̀ láti sanwó. Sípésà kò lòdì sófin níbí, àmọ́ bí táyà bá ń ha ara ọkọ̀, ọkọ̀ kò ní yege MOT, ìdánwò ọdọọdún ọkọ̀. Jámánì le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí kò bá ní ìwé tó bá sípésà àti rímù rẹ̀ mu, ọlọ́pàá lè dá a dúró.

Ẹ̀gbọ́n Bódìjà, bí ẹ bá fẹ́ ju 15 mm lọ níwájú, ẹ wá rímù tí ET rẹ̀ bá a mu. Iye tí sípésà gidi pẹ̀lú bóòtù ogún ń ná èèyàn, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọnú owó rímù tòkunbọ̀.

---

Ọmọ_Bódìjà

Ẹ ṣeun gan-an ni o. Mo ti dá tìrẹ̀ padà fún un. Èyí tí mo rí báyìí jẹ́ 12 mm, 72.6, ó ní ètè lójú òde, mẹ́rin. Òwú fi hàn pé àyè 21 mm wà níwájú, 16 mm lẹ́yìn.

Bóòtù 38 ni mo ń wá, 40 onígun 10.9 ni mo rí. Ṣé 2 mm tó lé yẹn lè dá wàhálà sílẹ̀? Fọkanáísà àdúgbò tún ní òun á fi gọ́ọ̀nù (ẹ̀rọ tí afẹ́fẹ́ fi ń yí bóòtù) dè é, pé ó yá ju ti ọwọ́ lọ.

---

Sístà_Injíníà

Níwájú, 40 kò ní ṣe nǹkan kan lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ̀yìn ni kí ẹ ti ṣọ́ra.

Bíréèkì ọwọ́ E46 kò sí lára kálípà. Bàtà kékeré méjì ló wà nínú ikùn dísìkì ẹ̀yìn, pẹ̀lú sípíríǹgì àti àwọn ìkọ́ tó di wọ́n mú, gbogbo wọn sì wà lẹ́yìn họ́ọ̀bù gẹ́lẹ́, níbi tí ẹnu bóòtù ti ń yọ jáde. Bóòtù tó bá gùn jù á máa fi ẹnu họ wọ́n nígbàkígbà tí wíìlì bá yí. Ẹ máa gbọ́ kẹ́rẹ́-kẹ́rẹ́ nígbà tí ọkọ̀ bá ń rọra lọ. Bí ẹ kò bá kà á sí, á já sípíríǹgì náà, bàtà á tú sínú dísìkì, wíìlì sì lè gan mọ́ yín lọ́nà.

Bí ẹ ṣe máa dán an wò nìyí. Ẹ fi òkúta ńlá tàbí igi ti táyà iwájú méjèèjì kí ó má lè yí. Ẹ gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ sókè, wíìlì méjèèjì lẹ́ẹ̀kan, kì í ṣe ẹyọ kan, nítorí dífà M3 máa ń di wíìlì méjèèjì pọ̀. Bí ọ̀kan bá wà nílẹ̀, èkejì kò ní yí dáadáa. Kí ọkọ̀ dúró lórí sítáǹdì, ẹ má dá jáàkì dá a. Ẹ yọ jíà sí nútrà, ẹ tú bíréèkì ọwọ́. Ẹ fi sípésà, rímù àti bóòtù márààrún sí i, ẹ dè wọ́n níwọ̀nba. Ẹ wá fi ọwọ́ yí wíìlì, rọra, ní ìgbà mẹ́ta. Bí ó bá ń kọ́ níbì kan, tàbí tí ohùn irin bá ń jáde níbi kan náà nígbà gbogbo, ẹ tú bóòtù kí ẹ wo ẹnu wọn. Èyí tó ń dán ní ẹnu ló ń kan nǹkan. Kí ẹ wá 38. Oníléèdì lè gé 2 mm kúrò lẹ́nu 40, kó sì fá ẹnu rẹ̀ kí tírẹ́ẹ̀dì má dàrú. Iyẹn dáa, àmọ́ márààrún ni kí ẹ gé.

Gọ́ọ̀nù: rárá. Ẹ jẹ́ kí Bàbá sọ ìyókù.

---

Bàbá_Rímù

Sọ fún fọkanáísà pé kó fi gọ́ọ̀nù tú u bó bá wù ú, kó má fi dè é. Kò sẹ́ni tó mọ iye Nm tí gọ́ọ̀nù ń fún, bóòtù kan á gba 80, èkejì á gba 250. Èyí tó gba 250 ti nà ju bó ṣe yẹ lọ, kò ní padà sípò. Tọ́ọ̀kù rẹ́ǹṣì ni, 120 Nm fún E46. Bí tìrẹ bá jẹ́ lb-ft, 88 ni.

Iṣẹ́ tó pọ̀ jù wà lójú họ́ọ̀bù, kì í ṣe lórí bóòtù. Fi búrọ́ọ̀ṣì wáyà fọ ìpẹtà kúrò lójú dísìkì àti lára òrùka họ́ọ̀bù títí irin á fi hàn. Ibi tí dísìkì àti òrùka ti pàdé, ní ìdí gan-an, ni ìpẹtà máa ń ṣù jọ sí, ibẹ̀ sì ni ètè inú sípésà máa ń lọ kàn. Fi ìka gbá a. Kóró ìpẹtà kan tó kéré ju ìrẹsì lọ ti tó láti má jẹ́ kí sípésà jókòó. Wo síkúrúù kékeré tó di dísìkì mọ́ họ́ọ̀bù, èyí tí wọ́n fi Allen 6 tú: orí rẹ̀ gbọ́dọ̀ rì sínú dísìkì, 16 Nm ni wọ́n ń fún un. Bí orí rẹ̀ bá yọ síta, sípésà á jókòó lé e, á sì wọ́. Nu ẹ̀yìn rímù náà mọ́. Ọ̀dà tí wọ́n tún fún sí i nípọn níbẹ̀, há a kúrò.

Lẹ́yìn ìyẹn, kó o fi kọ́pà gírísì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ pa òrùka họ́ọ̀bù àti ètè sípésà nìkan, kí wọ́n má baà lẹ̀ pọ̀. Kó má kan ojú tó ń fún mọ́ra. Tírẹ́ẹ̀dì bóòtù, gbígbẹ ni. Bí o bá fi epo sí i, 120 orí rẹ́ǹṣì á fa bóòtù ju 120 gbígbẹ lọ fíìfíì.

Gbé sípésà sí i, ẹ̀gbẹ́ tó dà ní ihò àárín ló máa kọjú sí họ́ọ̀bù. Ọwọ́ nìkan ni kó fi wọlé, má lù ú ní hámà. Tẹ òkè rẹ̀, tẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀: kò gbọ́dọ̀ mì. Bó o bá ní fíílà géèjì, èyí tó jẹ́ 0.05 mm kò gbọ́dọ̀ wọ àárín sípésà àti dísìkì níbikíbi. Bó bá wọ̀, padà sí ìpẹtà.

Àpótí irinṣẹ́ BMW sábà máa ń ní ọ̀pá kékeré kan tó ní tírẹ́ẹ̀dì, tí wọ́n ń fi sínú ihò òkè kí rímù lè rí nǹkan kọ́. Bí kò bá sí, bóòtù M12x1.5 gígùn tí o gé orí rẹ̀ kúrò á ṣe é. Òun ló máa di sípésà mú kó má yí nígbà tí o bá ń gbé rímù. Gbé rímù títí yóò fi wọ ètè sípésà, wàá mọ̀ ọ́n lọ́wọ́. Fi bóòtù márùn-ún wọlé pẹ̀lú ìka, ka iye ìgbà tí wọ́n yí bí àǹtí ti wí. Dè wọ́n ní àgbékọjá, bí ẹni ń ya ìràwọ̀, kọ́kọ́ fún wọn ní 50 Nm nígbà tí wíìlì ṣì wà lókè. Sọ ọkọ̀ kalẹ̀ kí táyà ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ kan ilẹ̀, kó o wá fún wọn ní 120, àgbékọjá kan náà.

Tó o bá ti rìn ní 50 sí 100 km, tún fi rẹ́ǹṣì yẹ bóòtù wò, kí rímù ti tutù. Bí bóòtù kan bá yí kó tó ta kọ̀, ìyẹn kò burú nígbà àkọ́kọ́. Bó bá tún yí nígbà kejì, tú rímù kúrò, nǹkan kan wà láàárín ojú irin tó ń fọ́.

Ohun tí ọkọ̀ bá fi sọ fún ọ lẹ́yìn náà: bó bá ń gbọ̀n ní 100 sókè lórí ọ̀nà tó dán, rímù kò sí láàárín, tú u kó o tún un gbé. Bó bá jẹ́ nígbà tó o bá tẹ bíréèkì nìkan, dísìkì ni kò jókòó dáadáa, ìpẹtà tún ni. "Kọ̀, kọ̀" tó ń dún bí o bá ń yí sítíárìn rọra, dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, bóòtù ti ń tú. Ariwo rọ́bà nígbà tó bá já bọ́ǹpù nìkan, inú fẹ́ńdà ni, wàá rí ibi tó ti ha.

---

Ọmọ_Bódìjà

Bàbá, ẹ̀mí yín á gùn. Ẹnìkan ní kí n fi gírúù tírẹ́ẹ̀dì sí bóòtù kó má baà tú. Àti pé, sípésà tó ní bóòtù tirẹ̀, èyí tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ dè mọ́ họ́ọ̀bù kí wọ́n tó de rímù mọ́ ọn, ṣé kò dáa jù?

---

Sístà_Injíníà

Gírúù, ẹ má fi sí bóòtù wíìlì. Bó ti ń wọlé, á yí ohun tí rẹ́ǹṣì ń kà padà, ẹ kò sì ní lè mọ̀ mọ́ bóyá bóòtù ti ń tú nígbà tí ẹ bá ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ibi tí gírúù ti wúlò ni tí ẹ bá yí ọkọ̀ sí oní-sitọ́ọ̀dù (ọ̀pá tírẹ́ẹ̀dì tó máa ń dúró lára họ́ọ̀bù) àti nọ́ọ̀tì: sitọ́ọ̀dù ló máa gba gírúù níbi tó ti wọ họ́ọ̀bù, nọ́ọ̀tì kì í gbà á.

Èyí tó ní bóòtù tirẹ̀ kì í wà ní 12 mm; láti bíi 20 ló ti ń bẹ̀rẹ̀, torí pé orí bóòtù àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ rì sínú rẹ̀. Bí orí bóòtù bá yọ, ẹ̀yìn rímù gbọ́dọ̀ ní ihò tó máa gbà á, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, orí bóòtù ni rímù máa jókòó lé. Ẹ kò sì lè fi rẹ́ǹṣì kan bóòtù inú láìtú rímù kúrò, ọ̀pọ̀ kì í ṣe é mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ àkọ́kọ́. Fún 12, èyí tí ẹ rà yẹn ni.

---

Adé_Peckham

Ohun kan tẹ́nikẹ́ni kò tíì sọ: ẹ má da bóòtù 26 nù. M3 yìí kò bá táyà ìpamọ́ wá láti ilé iṣẹ́, àmọ́ bí ẹ bá ti ra ọ̀kan fún ọ̀nà jíjìn, tí ẹ sì fẹ́ fi rọ́pò táyà ẹ̀yìn láìsí sípésà, bóòtù 38 á wọlé ní 12 mm ju bó ṣe yẹ lọ, á lọ bá bàtà bíréèkì ọwọ́ yẹn tààrà. Ẹ kó bóòtù 26 márùn-ún sínú ọ̀rá, kí ẹ fi tépù dì í mọ́ jáàkì.